Ahọ́n Tí A So: Kí A Tó Mú Àlùmọ́gàjí

Bí ọmọ tuntun bá ń mu ọmú, ahọ́n rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù, nítorí òun ni ó gbọ́dọ̀ nà kọjá erìgì ìsàlẹ̀, kí ó tẹ́ sábẹ́ orí ọmú àti ibi tí ó dúdú yí i ká, kí ó sì máa gòkè kí ó máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹnu ń fa wàrà jáde, gẹ́gẹ́ bí olùwádìí Donna Geddes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ti fi irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú oyún rí i ní ọdún 2008.

Gbogbo wa ni Elédùmarè fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ so abẹ́ ahọ́n wa mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ kan, ọkùnrin ju obìnrin lọ, awọ yìí a máa kúrú, a máa nípọn, tàbí kí ó gùn dé ṣóńṣó ahọ́n, débi pé ahọ́n kò lè gbéra bí ọmọ tilẹ̀ ń ké. Nígbà mìíràn, orí ọmú nìkan ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí gbá mú, erìgì rẹ̀ a sì máa rún un títí yóò fi bó. Wàrà tí kò jáde tán kò jẹ́ kí òmíràn ṣẹ́. Ọmọ á fà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, á sùn lọ, á tún fi ebi jí. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé abiyamọ abọ̀já gbọọrọ, tí ara rẹ̀ kò tíì mókun láti orí ìkúnlẹ̀, ni àwọn ará ilé yóò tún máa sọ fún pé bẹ́ẹ̀ ni ọmú ṣe ń dun gbogbo ènìyàn.

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: kì í ṣe gbogbo ahọ́n tí a so ni ó yẹ kí a gé awọ abẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tuntun tí ilé ìwòsàn kọ ọ̀rọ̀ ahọ́n tí a so sí ìwé wọn jẹ́ 3,934 ní ọdún 1997. Nígbà tí yóò fi di 2012, wọ́n ti di 32,837. Ahọ́n ọmọ ènìyàn kò yí padà láàárín àkókò náà. Ojú tí ó ń wá a ni ó pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ náà sọ ní 2024 pé nínú àwọn ọmọ tí a rí àmì rẹ̀ lára, àwọn tí ọmú mímu ṣòro fún kò tó ìdajì. Ìwádìí àjọ Cochrane ti 2017, tí ó kó ìdánwò márùn-ún àti ọmọ 302 jọ, fi hàn pé gígé awọ náà a máa dín ìrora ìyá kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rí tí ó dúró ṣinṣin pé ọmọ ń mu ọmú dáadáa sí i. Àwọn olùwádìí mìíràn tún dán gígé yìí wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2023, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìyá tí a ní kí wọ́n fi ti ọmọ wọn sílẹ̀ láìgé ni wọ́n lọ gé e, ìdáhùn kò sì yanjú. Èmi kò bá wọn wí, nítorí abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí wéré.

Nítorí náà, kí agbẹ̀bí tí ó mọ̀ nípa ọmú kọ́kọ́ jókòó ti ìyá, kí ó wò ó bí ọmọ bá la ẹnu tó, bí ikùn rẹ̀ bá kan ti ìyá, bí ó bá ń gbé wàrà mì, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Bí ìrora kò bá lọ, tí ọmọ kò sì sanra, ẹ jẹ́ kí dókítà gé awọ náà ní ilé ìwòsàn; iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sábà pọ̀, ọmọ sì lè mu ọmú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e nílé. Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í léèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ vitamin K tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, kí ẹ sì sọ fún un bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá.