Ẹ̀rọ Kan, Orúkọ Mẹ́rin

Bí a bá bí ọmọ nílẹ̀ wa, a ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Bàbá rẹ̀ lè sọ ọ́ ní Adéwálé. Ìyá bàbá rẹ̀ lè sọ pé Àkànní ni òun ó máa pè é. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ náà yóò mú orúkọ tiwọn wá. Bí àlejò bá gbọ́ gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ó lè rò pé ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan rí ní ọdún 1983. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń fi owó ra ọjà.

Kọ̀ǹpútà inú ilé

Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń ṣe ìṣirò, tí ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí a bá là sílẹ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan ṣoṣo lè gba odindi yàrá. Ìjọba, yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ńlá ni ó ń lò ó. Nígbà tí ó di ọdún 1977, wọ́n ti ń ta àwọn kéékèèké tí ènìyàn lè gbé ka orí tábìlì nínú ilé.

Púpọ̀ nínú wọn kò ní ojú tiwọn. Tẹlifíṣọ̀n inú ilé ni a ó so wọ́n mọ́, kí a tó lè rí ohun tí wọ́n ń kọ. Bí a bá sì pa ẹ̀rọ náà, gbogbo ohun tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ yóò parẹ́, àfi bí a bá ti gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin.

Orúkọ mẹ́rin

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Hong Kong tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Video Technology ni orúkọ rẹ̀; VTech ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ní ọdún 1983, ilé iṣẹ́ yìí gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde, tí bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Wọ́n sọ ọ́ ní Laser 200. Orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilẹ̀ Ọsirélíà, ó di VZ200, orúkọ Dick Smith sì wà lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Finland, ó di Salora Fellow. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di Texet TX8000. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe gbogbo wọn. Ẹ ò rí nǹkan!

Kí ló dé tí wọ́n ń yí orúkọ padà?

Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí wà ní Hong Kong. Alágbàtà ló ń bá a tà á ní òkèèrè. Alágbàtà yìí sì ni àwọn ará ìlú mọ̀.

Ní ọdún 1968, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dick Smith ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìlú Sydney. Rédíò inú mọ́tò ni ó ń tún ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1983, ṣọ́ọ̀bù tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti pọ̀ káàkiri Ọsirélíà. Ní Finland, Salora ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Salo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Texet ni àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ṣírò owó.

Ká ní ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ rà á ńkọ́? Ẹ̀rọ tuntun ni, ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ó wà lára tẹlifíṣọ̀n yín lára rẹ̀, ọkàn yín yóò balẹ̀. Ohun tí alágbàtà ń wá nìyẹn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Alágbàtà náà wo ilé tí ọjà rẹ̀ ń lọ, kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà mìíràn, èdè ni ó ń fa ìyípadà orúkọ. Ilé iṣẹ́ Commodore ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ VIC-20. Ní Jàpáànì, VIC-1001 ni wọ́n pè é. Ní Jámánì ńkọ́? Bí ará Jámánì bá pe VIC, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé sọ níwájú àgbà. Wọ́n bá yí i padà sí VC-20.

Ire tí ó wà níbẹ̀, àti wàhálà

Òwe wa sọ pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n alágbàtà tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sára ọjà ti fi orúkọ náà dúró fún un. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹni tí ó rà á mọ ẹnu ọ̀nà tí òun ó kàn. Kò ní máa kọ lẹ́tà sí Hong Kong.

Wàhálà rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó ní Salora Fellow lè rí ìwé tí wọ́n kọ nípa Laser 200, kí ó sì kọjá lọ. Yóò ní, "Tèmi kọ́ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ gan-an ni!

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1980, ilé iṣẹ́ EACA ní Hong Kong gbé kọ̀ǹpútà kan jáde. Video Genie ni ó ń jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, PMC-80 ní Amẹ́ríkà, System 80 ní ṣọ́ọ̀bù Dick Smith. Wọ́n ṣe é kí ó lè jọ TRS-80, kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Tandy gbé jáde ní ọdún 1977. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún TRS-80 ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ àṣírí yìí rí kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lò. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jókòó ti ìwọ̀nba díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé orúkọ nìkan ni ó ń yí padà nígbà gbogbo. Ní ọdún 1981, Sinclair ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ZX81 jáde ní pọ́n-ùn 69.95. Ní ọdún 1982, Timex, àwọn oníṣẹ́ aago, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 99.95. Timex Sinclair 1000 ni wọ́n pè é. Àyè tí ZX81 fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ jẹ́ 1K, èyí tí ó gba lẹ́tà 1,024 péré. Ti Timex jẹ́ 2K, ìlọ́po méjì. Wọ́n sì tún un ṣe kí ó lè bá tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mu, nítorí tiwọn yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé.

Ẹ yí i padà, kí ẹ kà á

Ní ọdún 2016, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Dick Smith kógbá sílé. Bí ẹnì kan ní Ọsirélíà bá rí VZ200 nínú àpótí bàbá rẹ̀ lónìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí yóò gbé e lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé Laser 200 ni, pé Fellow ni, pé TX8000 sì ni, ó lè wá ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ ra rédíò, fáànù tàbí tẹlifóònù, ẹ má ṣe wo orúkọ ńlá iwájú nìkan. Ẹ yí i padà. Ẹ ka lẹ́tà kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè pé: Ta ló ṣe é? Ta ló ń tà á? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Orúkọ iwájú lè jẹ́ ti ẹni tí ó ń tà á fún yín. Ti ẹni tí ó ṣe é lè wà lẹ́yìn.

Ìbéèrè

1. Orúkọ mẹ́rin wo ni kọ̀ǹpútà ọdún 1983 náà ń jẹ́?
2. Kí ló dé tí alágbàtà fi ń fi orúkọ ara rẹ̀ sára ọjà?
3. Ọ̀nà méjì wo ni Timex Sinclair 1000 fi yàtọ̀ sí ZX81?
4. Ẹ wo ẹ̀yìn rédíò tàbí tẹlifóònù yín. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?