Àpótí Kékeré Tó Ń Gbé Ohùn Jáàsì

Àtàǹpàkò ni Wes Montgomery fi ń ta gìtá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lo ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ha okùn, òun kò lò ó. Ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní fákítírì lọ́sàn-án, tó ń ta gìtá ní ilé ọtí lóru. Bó bá wá ráyè dánra wò nílé, ariwo kì í jẹ́ kí àwọn aládùúgbò sinmi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹ̀sùn wọn ló mú un pa ike tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran àtàǹpàkò ta okùn kí ohùn lè rọlẹ̀. Ohùn rírọ̀ tí àwọn onígìtá jáàsì ń lé kiri títí dòní, àwọn tí kò rí oorun sùn ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Onígìtá tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yẹn lónìí, ampilifáyà kékeré oníbátìrì ni yóò lọ rà, èyí tí kò ju ohun tí a lè gbé ka orí tábìlì lọ. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló kún ọjà. Àmọ́ kì í ṣe oníjáàsì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi yẹ fún un.

Kí gìtá tó fojú kan iná mànàmáná, ẹ̀yìn ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ jáàsì. Bí fèrè bá ti dún, ó parí fún un. Lọ́dún 1936 ni ilé-iṣẹ́ Gibson gbé ES-150 jáde, gìtá tó ní pickup tó ń sọ ìgbọ̀nrìrì okùn di iná. Wọ́n ń tà á pọ̀ mọ́ ampilifáyà EH-150 àti wáyà rẹ̀ ní nǹkan bíi dọ́là 150. Gìtá àwọn ará Hawaii ni ampilifáyà náà kọ́kọ́ wà fún, oníjáàsì kàn yá a lò ni. Charlie Christian, ọ̀dọ́ tó dàgbà sí Oklahoma City, gbé ES-150 dé inú ẹgbẹ́ Benny Goodman lọ́dún 1939, ó sì bọ́ síwájú pẹ̀lú rẹ̀, tó ń bá àwọn onífèrè fèsì lẹ́sẹẹsẹ. Ọdún 1942 ló kú, lẹ́ni ọdún 25. Àwo orin rẹ̀ ni Wes fi kọ́ gìtá.

Nílẹ̀ wa, ọdún 1949 ni àwọn òpìtàn jùjú sọ pé Àyìndé Bákàrè so gìtá tirẹ̀ mọ́ iná mànàmáná. Gángan ń wọ inú jùjú lásìkò náà, gìtá lásán kò sì lè bá gángan figagbága.

Ampilifáyà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé rìn. Fáàfù onígíláàsì ló wà nínú rẹ̀, ó ń gbóná, iná tó lé ní ọgọ́rùn-ún fóòtì ló sì ń jẹ kó tó jí. Ibi tí ọ̀nà ti là ni ilé ìwádìí Bell Labs ní New Jersey, níbi tí wọ́n ti ṣe tiránsísítọ̀ àkọ́kọ́, ohun tó lè ṣe iṣẹ́ fáàfù, ní oṣù Kejìlá 1947. Fóòtì díẹ̀ péré ti tó fún un láti ṣiṣẹ́. Rédíò ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí Regency TR-1 ti ọdún 1954. Àwọn àgbà wa tó gbé rédíò tiránsísítọ̀ lọ sóko mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí tiránsísítọ̀ wá wọ ampilifáyà gìtá lẹ́yìn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ onírọ́ọ̀kì kọ̀ ọ́. Fáàfù tó bá ń ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ a máa ké lọ́nà tó dùn mọ́ wọn. Tiránsísítọ̀ ní tirẹ̀, bó bá ti kọjá agbára rẹ̀, ohùn á ya bí aṣọ. Oníjáàsì kò bá wọn dá sí ìjà yìí, nítorí kò fẹ́ kí ohùn ké rárá. Bó bá tẹ kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́rin, kí etí gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fẹ́. Tommy Gumina, tó jẹ́ oní-akọ́díọ́nì, dá ilé-iṣẹ́ Polytone sílẹ̀, tiránsísítọ̀ ló sì fi ń ṣe ampilifáyà. Joe Pass, onígìtá jáàsì, wà lára àwọn tó fi Polytone ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1975, Roland ti ilẹ̀ Japan gbé Jazz Chorus JC-120 jáde: tiránsísítọ̀, wáàtì 120, sípíkà oní-íǹṣì 12 méjì. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ẹrù ńlá sì ni fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Lójú tèmi, àwọn àpótí ràgàjì wọ̀nyí ni baba àpótí kékeré tí oníjáàsì ń lò lónìí, kì í ṣe Pignose, àpótí oníbátìrì tí gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ. Ká má fi ti Pignose du ẹni tó ṣe é ṣá. Richard Edlund wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ọkùnrin kan náà tó gba Oscar lẹ́yìn náà fún àrà tó dá nínú fíìmù Star Wars. Nǹkan bí ọdún 1973 ló dé ọjà: àpótí onígi, wáàtì márùn-ún, sípíkà íǹṣì márùn-ún, bátìrì AA mẹ́fà. Ohun kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀ tí a ń yí, imú ẹlẹ́dẹ̀ gan-an ló sì jọ. Bí a bá ṣí àpótí náà bí ìgbà tí à ń ṣí báàgì, ohùn rẹ̀ á yí padà. Ó tètè ń ké, ohun tí onírọ́ọ̀kì sì fẹ́ nìyẹn. Frank Zappa tó jẹ́ onírọ́ọ̀kì gbé e wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. Àmọ́ ẹ so gìtá tí inú rẹ̀ ṣófo mọ́ ọn, ẹ yí imú náà dé àárín, ẹ wá tẹ kọ́ọ̀dù: ẹ ò ní mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀rọ̀ oníjáàsì tó dé inú àpótí oníbátìrì. Roland náà ló gbé e débẹ̀, pẹ̀lú Micro Cube. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe àfarawé àwọn ampilifáyà ńlá, JC-120 sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Wáàtì méjì péré ni, àmọ́ sípíkà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì márùn-ún. Lọ́dún 2011, Yamaha gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú THR: wọ́n ní orí ìtàgé ní ampilifáyà tirẹ̀, ibi ìfidánrawò ní tirẹ̀, ilé ló kù tí kò ní. Nítorí náà wọ́n ṣe é bí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin nínú yàrá, pẹ̀lú sípíkà kékeré méjì àti bátìrì AA mẹ́jọ.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù bá yín dán an wò, rọ́ọ̀kì ni yóò ta. Ẹ mú gìtá tiyín dání. Ẹ yí ohùn gìtá náà dópin, ẹ fi àtàǹpàkò lu kọ́ọ̀dù kan láti orí okùn tó nípọn jù, kí ẹ lù ú dáadáa. Bí a kò bá fi ìka tẹ okùn yẹn, ó ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà íǹṣì mẹ́ta kò sì lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé e jáde. Àwọn ìró fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá a rìn lókè ni à ń gbọ́, ọpọlọ wa ló ń fi ìyókù dí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ìwọ̀n sípíkà kí n tó wo wáàtì. Wáàtì tó pọ̀ ń tan ènìyàn jẹ, torí ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìlọ́po méjì. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣì tín-ín-rín, ẹ gbé àpótí náà sílẹ̀ ní igun yàrá. Ògiri méjèèjì àti ilẹ̀ yóò kún un lọ́wọ́.

Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sọ ọ̀rọ̀ bátìrì. AA tuntun ń fún wa ní fóòtì 1.5, mẹ́fà á jẹ́ mẹ́sàn-án. Èyí tí a lè tún gba iná sí ń fún wa ní 1.2, mẹ́fà á jẹ́ 7.2. Fóòtì tó dín yẹn, àyè tí ohùn fi ń mọ́ ló dín, oníjáàsì ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wáàtì náà sì ní owó orí rẹ̀: Boss Katana Mini, oníwáàtì méje, ń lo bátìrì mẹ́fà tán láàárín nǹkan bíi wákàtí méje, nígbà tí Micro Cube GX, àtúnṣe Micro Cube tó ní wáàtì mẹ́ta, ń fi mẹ́fà bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí kan Wes náà: àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé P. R. Mallory ni fákítírì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Indianapolis, ilé-iṣẹ́ kan náà tó wá mú bátìrì Duracell jáde lẹ́yìn náà.

Àwọn kan ti ń ra èyí tí bátìrì rẹ̀ wà nínú, tí a ń fi wáyà fóònù gba iná sí. Ó rọrùn, àmọ́ ọjọ́ tí bátìrì inú bá kú, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ẹ ó máa gbé e lọ. AA wà ní ìsọ̀ gbogbo. Fún ẹni tó ń ta jáàsì nínú yàrá, tí kò ní onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́, Micro Cube GX lórí ohùn JC ni èmi yóò mú, kí ó dín ohùn gìtá kù díẹ̀ kó má bàa ya. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ àwo orin Joe Pass kó sì máa bá a ta á, THR ni kó rà bí owó rẹ̀ bá ká a.