Bí Tráfíkétọ̀ Bá Ń Ṣẹ́jú Wàràwàrà Lẹ́yìn Tí A Fi LED Sí I

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti ti kòkòrò ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n irè tí a kórè tí kò dé ọjà, a kò tíì rí i tà. Ọkọ̀ ni yóò gbé e débẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lónìí nípa tráfíkétọ̀, ìyẹn iná tí awakọ̀ fi ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé òun fẹ́ yà.

Gílóòbù LED ti kún ọjà báyìí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì ń fi í rọ́pò gílóòbù àtijọ́. Wọn kò jẹ̀bi. Gílóòbù àtijọ́ ní okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú, okùn yìí ló ń gbóná tó fi ń tàn. Ọ̀nà oko wa tó kún fún gegele àti kòtò máa ń gbọ̀n ọ́n títí yóò fi já. LED kò ní okùn tí yóò já. Kì í sì í jẹ iná púpọ̀: gílóòbù tráfíkétọ̀ àtijọ́ ń jẹ wáàtì 21, LED tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lè má jẹ ju wáàtì 2 tàbí 3 lọ.

Àìjẹ iná púpọ̀ yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ohun kékeré kan wà nínú ọkọ̀ tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní fláṣà. Òun ló ń tan tráfíkétọ̀ tó sì ń pa á, òun náà sì ni ẹ ń gbọ́ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ níwájú awakọ̀. Fláṣà kò ní ojú tí yóò fi wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Iye iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló fi ń mọ ohun tó ń lọ. Bí gílóòbù iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ń jẹ wáàtì 21 níkọ̀ọ̀kan lórí bátìrì 12 fóòtì, áńpíà 3.5 ni yóò máa kọjá. Bí ọ̀kan bá jó, yóò di ìdajì, fláṣà yóò sì máa ṣẹ́jú wàràwàrà kí awakọ̀ lè mọ̀ pé gílóòbù kan ti kú. Bí ẹ bá wá fi LED sí i, ohun kan náà ló rí: iná tó ń kọjá ti dín kù. Kò bàjẹ́ rárá, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tún yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì tí a lẹ̀ pọ̀ ló wà nínú fláṣà tiwọn, ooru iná ló ń tẹ irin náà tí iná fi ń tàn tó sì ń kú. LED kò lè mú un gbóná tó. Iná yóò kàn tàn gbọnrangandan, kò ní ṣẹ́jú. Èyí ló burú jù lójú tèmi. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn yín yóò rò pé iná ẹ̀yìn lásán ni, yóò sì fẹ́ gba ọwọ́ òsì yín kọjá ní àsìkò tí awakọ̀ yín ń yà sí òsì wọ ọ̀nà oko. Ohun tó dára ni kí tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè fi aago ọwọ́ kà á.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ yẹ éètì wò, ìyẹn ibi tí wáyà dúdú ti kan ara irin ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ajílẹ̀ kì í pẹ́ dípẹtà níbẹ̀, nítorí ajílẹ̀ tó bá dà sílẹ̀ máa ń jẹ irin. Ẹ fi sáńpépà ha á kó mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí éètì nìkan ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù rẹ̀ lásán.

Bí éètì bá dára tí tráfíkétọ̀ ṣì ń sáré, rẹ́wáyà lè ní kí ẹ ra rẹsísítọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ irin aláwọ̀ wúrà, wọ́n á kọ 50W àti 6 óòmù sí i lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tan fláṣà jẹ, kó lè rò pé gílóòbù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gílóòbù ni a ń so ó mọ́: ẹsẹ̀ kan lọ sára wáyà tó gbé iná tráfíkétọ̀ wá, ẹsẹ̀ kejì lọ sára éètì. A kì í gé wáyà kí a fi í sáàárín. Ẹ fi wé poro omi. Poro kejì ni a là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ kí omi púpọ̀ lè ṣàn. A kò fi òkúta dí ti àkọ́kọ́.

Rẹsísítọ̀ 6 óòmù yìí ń jẹ áńpíà 2 lórí 12 fóòtì, ìyẹn wáàtì 24. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí fóòtì gòkè sí 14, ó lé ní wáàtì 30. Iná tí LED fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì di ooru. Ooru yìí ni kí ẹ fetí sí jù lọ. Ó lè gbóná ju omi híhó lọ. Ara irin ọkọ̀ ni kí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ dáadáa, kí irin náà lè máa gba ooru lára rẹ̀. Wáàtì 50 tí wọ́n kọ sí i kò dúró bí kò bá sí irin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi téèpù wé e, tàbí kí wọ́n so ó mọ́ ìdì wáyà, tàbí mọ́ ike iná ẹ̀yìn. Ó sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí àpò ọ̀rá, pòròpórò àgbàdo tàbí kẹ́ẹ̀gì epo lè fara kàn án. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan gbígbẹ ti í gbaná.

Lọ́rì ńlá tó ń lo 24 fóòtì kò gbọdọ̀ lo rẹsísítọ̀ 6 óòmù. Áńpíà 4 ni yóò jẹ níbẹ̀, ìyẹn wáàtì 96, yóò sì jó ara rẹ̀. Nǹkan bí 25 óòmù ló bá a mu.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ pààrọ̀ fláṣà fúnra rẹ̀ dípò kí ẹ ra rẹsísítọ̀. Fláṣà tí a ṣe fún LED wà lọ́jà, kì í ka iye iná tó ń kọjá, kò sì sí ooru kankan láti bẹ̀rù. Kí rẹ́wáyà mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, nítorí ẹsẹ̀ wọn kì í jọra. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan wà tí kò ní fláṣà tó ṣeé yọ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ti irú wọn ni rẹsísítọ̀ wúlò fún. LED aláwọ̀ ọsàn ni kí ẹ sì rà, nítorí funfun máa ń ràn gbàù lẹ́yìn gíláàsì ọlọ́sàn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, fláṣà kò ní lè kìlọ̀ mọ́ bí LED kan bá kú. Kí awakọ̀ tan tráfíkétọ̀ láràárọ̀ kó tó di ẹrù, kó sì yí ọkọ̀ ká fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá dákú sẹ́bàá ọ̀nà tí awakọ̀ tan tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún wákàtí kan ni rẹsísítọ̀ máa ń gbóná jù. Nítorí náà, bí rẹ́wáyà bá so ó tán, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan rẹsísítọ̀ náà o. Wáyà àti ike tó wà nítòsí rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá ti gbóná tàbí tí ẹ gbóòórùn ike, kó tú u kó wá ibòmíràn dè é sí.