Táńkì Náà Kò Jẹ Iná Ọba

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Becontree ní Dagenham. Iná lọ ní àdúgbò wọn fún wákàtí mẹ́ta, kò sì rí oorun sùn mọ́jú, nítorí ẹyin inú ara rẹ̀ tí wọ́n mú dì fún un sínú táńkì ní kílíníìkì ìbímọ. “Ṣé kò ti yọ́ báyìí?” Ẹ̀rù NEPA kò tíì kúrò lára wa, àní ní Dagenham.

Kò yọ́ o, àǹtí mi. Táńkì yẹn kì í ṣe fírísà. Fúláàsì ni, ọmọ ìyá èyí tí ẹ fi ń gbé ògì gbígbóná lọ síbi iṣẹ́: ògiri méjì, tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde kí ooru má baà rọ́nà gbà. London níbí ni James Dewar ti ṣe irú rẹ̀ ní 1892. Ohun tó ń mú ẹyin inú rẹ̀ dì ni nítírójìn olómi, tó ń hó ní ìwọ̀n 196 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táńkì ló ń lo iná, ó sì yẹ kí òun náà ní bátìrì.

Ibi tí ẹ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á fi ojú ẹ̀rọ hàn yín, −196, iná aláwọ̀ ewé ń tàn, ọkàn yín á sì balẹ̀. Kí ló ń fi yín lọ́kàn balẹ̀? Nítírójìn kì í ṣíwọ́ híhó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fẹ́ lọ lójoojúmọ́, bó ti wù kí fúláàsì náà dára tó. Bí ògiri bá wá lu, tí afẹ́fẹ́ wọ àárín rẹ̀, eré ni omi náà yóò fi máa lọ. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì bo ọ̀pá tó ń ka òtútù, −196 ni ọ̀pá yóò máa pè. Ẹ wo ìkòkò omi tó ń hó lórí ààrò: ì báà kún, ì báà ku ìkáwọ́ kan, ìgbóná kan náà ni. Ìgbà tó bá gbẹ tán ni ìkòkò ń jó, ẹni tí kò ṣí ìdérí wò, òórùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Bí omi ṣe jìn tó ni kí ẹ bi wọ́n. Àwọn kan ń ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti wọ̀n ọ́n, àwọn mìíràn ń gbé táńkì lé ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé iye tó ń lọ lóòjọ́ ṣàdédé pọ̀ sí i, tàbí tí ara táńkì ń làágùn tó ń hu yìnyín, fúláàsì ti bàjẹ́ nìyẹn, ohun yòówù tí iná aláwọ̀ ewé ń wí.

 

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí aláàmù ṣe ń pe fóònù òṣìṣẹ́ lóru, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. HFEA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn kílíníìkì ìbímọ ní ilẹ̀ yìí, ní kí táńkì ní aláàmù tirẹ̀, kó sì máa pe ẹnìkan nígbà tí wọ́n bá ti ti kílíníìkì pa. Ó dára. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2018, ẹyin àti ọlẹ̀ tó lé ní 4,000 ṣòfò ní ilé ìwòsàn kan nítòsí Cleveland ní Amẹ́ríkà. Aláàmù tó yẹ kó pe èèyàn nílé wà níbẹ̀. Wọ́n ti pa á. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, táńkì kan bàjẹ́ ní San Francisco. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ ti ń parọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sú wọn, wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, wọn kò fi òmíràn rọ́pò. Ajá ń gbó lásán, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ wá sùn!

Ẹ̀yin náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi. Láti oṣù keje ọdún 2022, òfin ilẹ̀ yìí gbà kí ẹ fi ẹyin pamọ́ títí dé ọdún 55, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ẹ gbọ́dọ̀ tún fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ni kílíníìkì yóò fi pè yín. Bí ẹ kò bá dáhùn, bó pẹ́ bó yá, wọn kò ní láṣẹ láti tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Mo bi obìnrin Becontree léèrè àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́wọ́ kílíníìkì rẹ̀. Ó ní ti ilé tí àwọn háyà ní Barking ni. Ó ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.