Ìpìlẹ̀ àti Ẹ̀dà Orúkọ Ènìyàn ní Òkè-Ògùn: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ìpìlẹ̀ orúkọ àwọn ará Òkè-Ògùn wò, àti ọ̀nà tí orúkọ kan ṣoṣo fi ń di púpọ̀ lẹ́nu ènìyàn àti nínú ìwé. Ó fi hàn pé ẹ̀dà orúkọ kì í ṣe àṣìṣe, nítorí pé ó ní òfin tí ó ń tẹ̀ lé. Ó sì fi hàn pé orúkọ tí a kọ láìfi àmì sí, tàbí tí a gé kúrú sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, sábà máa ń pàdánù apá tí ó ń sọ ilé tí ọmọ ti wá. Ìmọ̀ràn fún olùkọ́ ni ó kádìí rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orí òwe yìí ni ẹ̀kọ́ nípa orúkọ Yorùbá dúró lé. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, pín orúkọ sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Modupẹ Oduyọye ṣe ìtúpalẹ̀ ìhun orúkọ àti ìtumọ̀ wọn nínú ìwé tí ó jáde ní 1972. Ní 2003, Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá jáde. Iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ti la ọ̀nà. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni kí ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní àgbègbè tí ó ti ń kọ́ni.

Òkè-Ògùn ni apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, Ìgànná, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Kìṣí. Orúkọ àgbègbè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Odò Ògùn ni ó fún un ní orúkọ, kì í ṣe Ògún òrìṣà. Nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, ‘Ogun’ kan náà ni wọ́n fi ń kọ odò, òrìṣà irin, ìjà àárín ìlú sí ìlú, àti iye tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì mẹ́wàá. Bí orúkọ ilẹ̀ bá lè ṣi ènìyàn lọ́nà báyìí, kí ni ti orúkọ ọmọ?

Orúkọ àmútọ̀runwá

Bí ọmọ ṣe wá sáyé ni ó ń pinnu orúkọ àmútọ̀runwá, òbí kò ní í yàn án. Ọmọ tí ó bá ti ẹsẹ̀ wá ni Ìgè. Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Èyí tí ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn ni Òjó bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, àti Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó láti inú wá ni Dàdá. Èyí tí a bí tòun ti àpò tí ó wà nínú rẹ̀, láìya, ni Ọ̀kẹ́. Táyéwò àti Kẹ́hìndé ni ìbejì, Ìdòwú ni ó tẹ̀ lé wọn, Àlàbá sì tẹ̀ lé Ìdòwú. Johnson tún dárúkọ Ọ̀ní, ọmọ tí kì í dákẹ́ ẹkún láti ìgbà tí a ti bí i, àti Ọ̀la tí a bí tẹ̀ lé e.

Orúkọ wọ̀nyí ni àìsí àmì máa ń bà jẹ́ jù. ‘Ojo’ lè jẹ́ Òjó, ó sì lè mú kí ẹni tí kò mọ̀ ronú kan òjò. ‘Ola’ lè jẹ́ Ọlá, èyí tí í ṣe iyì, ó sì lè jẹ́ Ọ̀la, àbúrò Ọ̀ní. ‘Oke’ lè jẹ́ Ọ̀kẹ́, ó sì lè jẹ́ òkè tí àwọn ará ìlú ń bọ. Ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan láti kọ ni ó ya ìtàn ìbí ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn ìsìn ilé ẹlòmíràn.

Orúkọ àbísọ: ilé ni ó ń sọ̀rọ̀

Orúkọ àbísọ ni ó pọ̀ jù, òun náà ni ó sì kún fún ìtàn jù. Gbólóhùn kúkúrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ń sọ ilé, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà. Adé ń tọ́ka sí ìdílé ọba, Àyàn sí ìdílé onílù, Ọdẹ sí ìdílé ọdẹ, Ọ̀jẹ́ sí ìdílé eléégún, Ifá sí ìdílé babaláwo, Ògún sí ìdílé àgbẹ̀dẹ àti gbogbo ẹni tí ó ń fi irin ṣiṣẹ́.

Nítorí náà ni àwòrán ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń hàn nínú orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Ṣakí, níbi tí ìbọ Ògún ti fìdí múlẹ̀, kò yani lẹ́nu bí Ògúndélé àti Ògúnwálé bá pọ̀ nínú agbolé kan. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì tí a tún mọ̀ mọ́ ọdún eégún àti Orò, Ọ̀jẹ́wálé kì í ṣe àjèjì. Níbi tí wọ́n ti ń bọ òkè, tàbí tí òkè ti gba ará ìlú sílẹ̀ nígbà ogun, orúkọ bí Òkédìjí yé tọmọdé tàgbà. Àwọn tí ó tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ omi ń sọ ọmọ ní Omíyalé tàbí Omítóògùn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ ìbí pàápàá ń di orúkọ. Abíọ́dún ni a bí ní àsìkò ọdún, Abíọ́nà ni a bí sójú ọ̀nà, Abégúndé bá eégún dé, Abéjidé bá òjò dé, Abógundé bá ogun dé. Ẹni tí ó bá rí Abógundé nínú ìtàn ìdílé kan ti rí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń lé àwọn ènìyàn láti ìlú dé ìlú, láìtíì ṣí ìwé ìtàn kankan.

Oríkì yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ ìwúrí kúkúrú ni, bí Àjàní, Àkànní àti Àyìnlá fún ọkùnrin, tàbí Àbẹ̀kẹ́, Àníkẹ́ àti Àṣàkẹ́ fún obìnrin. Nínú ti ọkùnrin, ìjà àti akitiyan ni ó sábà máa ń hàn. Nínú ti obìnrin, ìkẹ́ ni. Lẹ́nu ìyá àti ìyá àgbà ni oríkì ń gbé, kì í sábà wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Orúkọ tí ó ti èdè Lárúbáwá wá

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ ní Òkè-Ògùn, orúkọ rẹ̀ sì ti di ti onílé. Àwọn kan rò pé ẹnu tí kò gún ni ó sọ wọ́n di bí wọ́n ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìró Yorùbá àti gírámà Lárúbáwá ni ó jọ ṣiṣẹ́.

Èkíní, Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì tí Lárúbáwá fi ń parí orúkọ ni Yorùbá dì mú. Orúkọ tí ó bá dá dúró ń gba u: Idris di Dìrísù, Yusuf di Yèsúfù, Khadija di Àdíjátù, Rashida di Ràṣídátù. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ‘ẹrú’ ń gba i, nítorí pé ó wà ní ipò ohun-ìní nínú gírámà Lárúbáwá: Abd al-Qadir di Kàdírì, Abd ar-Razzaq di Ràsákì, Abd as-Salam di Sàlámì. Nípa báyìí, ìparí orúkọ kan lè sọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bí orúkọ náà ṣe rí kí ó tó kúrú.

Èkejì, l tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ atọ́ka Lárúbáwá ń kù sílẹ̀ nínú àwọn orúkọ kan. Abd al-Hamid di Làmídì, Abd al-Aziz di Làsísì. Ìró ọ̀nà ọ̀fun tí ó bẹ̀rẹ̀ Hamid àti Aziz ṣòro fún ẹnu Yorùbá, ó pòórá, l sì gba ipò rẹ̀. Nínú Sàlámì àti Ràsákì, l kò hàn nítorí pé ó ti yí padà di s àti r láti inú èdè Lárúbáwá fúnra rẹ̀. Z kò sí nínú Yorùbá, ìdí nìyẹn tí Aziz fi di Làsísì.

Èkẹta, iwájú orúkọ ni ó sábà máa ń bọ́. Làmídì, Kàdírì àti Sàlámì jẹ́ orúkọ Ọlọ́run tí ọ̀rọ̀ ‘ẹrú’ ti bọ́ kúrò níwájú wọn. Èyí ni ó fà á tí àwọn aáfà kan fi ń rọ òbí láti máa pe orúkọ náà tán.

Orúkọ kan, ẹnu púpọ̀

Ẹ̀dà orúkọ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Johannes inú Bíbélì di Jan nígbà tí a gé ìparí rẹ̀, ó sì di Hans nígbà tí a gé iwájú rẹ̀. Cornelis di Kees. Láti ara Jan ni Jansen, ‘ọmọ Jan’, ti wá. Orúkọ Johannes yìí kan náà ni Jòhánù inú Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, òun náà sì ni Yàháyà tí ó ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá. Bákan náà ni Ábúráhámù àti Bùráímọ̀, Jósẹ́fù àti Yèsúfù, Mósè àti Músá. Nínú kíláàsì kan ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí lè jókòó lórí àga kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ orúkọ kan náà láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò púpọ̀ ní àgbègbè tí ẹ̀sìn méjèèjì ti ń gbé inú agbolé kan.

Ìpàdánù nínú ìwé

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní orúkọ ìdílé tẹ́lẹ̀ rọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ bàbá tàbí ti bàbá àgbà ni a fi dí àyè náà. Báyìí ni orúkọ tí a sọ ènìyàn kan ṣoṣo nítorí ìdí kan ṣoṣo fi di ti ìran. Ọwọ́ tí ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni ó pinnu bí yóò ṣe rí títí láé. Ìlànà àkọtọ́ ti 1974 fìdí ṣ múlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ púpọ̀ ṣì wà tí wọ́n fi sh kọ, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n fi s lásán kọ. Ní Òkè-Ògùn, ẹnu pàápàá dá kún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń pe Àṣàkẹ́ ní Àsàkẹ́. Bí ọmọ ìyá méjì bá kọ orúkọ ìdílé wọn lọ́nà méjì nínú ìwé-ẹ̀rí, wàhálà ìbúra ní kóòtù lè dé bá wọn lọ́jọ́ iwájú.

Ìgékúrú ni èkejì. Adéwálé, Ọ̀jẹ́wálé, Ògúnwálé àti Àyànwálé, gbogbo wọn lè di Wálé. Ìròyìn pé ohun kan wá sílé ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ohun tí ó wá sílé ti sọnù: ọba ni, eégún ni, irin ni, tàbí ìlù. Apá tí a gé ni apá tí ó ń sọ ilé.

Ìpààrọ̀ ni ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi Olú tàbí Olúwa rọ́pò Ògún, Ifá àti Orò. Àwọn orúkọ D. O. Fágúnwà gbé ọ̀nà méjèèjì pọ̀: Oròwọlé àti Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹ̀tọ́ onílé ni láti yí orúkọ rẹ̀ padà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ti olùkọ́. Olùkọ́ tí ó bá sọ Ifáṣọlá di Olúṣọlá nínú rẹ́jísítà, tàbí tí ó bá fún Àdíjátù ní orúkọ mìíràn nítorí pé ó rọrùn lẹ́nu, ti sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ láìwo ilé.

Ìmọ̀ràn fún olùkọ́

Ọ̀nà mẹ́rin ni olùkọ́ lè gbà tún èyí ṣe. Kí ó bi òbí tàbí alágbàtọ́ bí orúkọ ọmọ ṣe ń dún, kí ó tó kọ ọ́. Kí ó fi àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ sí i nínú ìwé tirẹ̀, bí ìwé ìjọba kò tilẹ̀ gba àmì. Kí ó kọ orúkọ ní kíkún, kí ó sì fi ìgékúrú sílẹ̀ fún ẹnu àwọn ẹgbẹ́ ọmọ. Kí ó pa bí ìdílé ṣe ń kọ orúkọ wọn mọ́, kí ó má tún un ṣe fún wọn. Ní kíláàsì ni kí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní àkọtọ́ òde-òní.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ lè di ohun èlò ìkọ́ni. Olùkọ́ lè rán ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sílé láti béèrè ìdí orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Ohun tí wọ́n bá mú bọ̀ yóò kọ́ kíláàsì ní ìhun gbólóhùn, ìró, ìtàn àti ẹ̀sìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ kan kò bá fẹ́ sọ tirẹ̀, bóyá nítorí pé orúkọ àbíkú ni tàbí nítorí ìbànújẹ́ kan nínú ilé, kí olùkọ́ má fi ipá mú un.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìbí, ilé, ìṣẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀sìn ni orísun orúkọ ní Òkè-Ògùn, àti pé ẹnu ènìyàn ń yí wọn lọ́nà tí ó ní òfin. Làmídì kò burú ju al-Hamid lọ, gẹ́gẹ́ bí Jan kò ti burú ju Johannes lọ. Ẹ̀dà tí ó ti ẹnu ará ilé wá jẹ́ ìdàgbàsókè èdè. Ìyípadà tí ó ti ìkánjú akọ̀wé wá jẹ́ àdánù, nítorí pé ìran tí ń bọ̀ kò ní í rí ohun tí ó sọnù láti béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó mọ ìdí orúkọ ń lọ. Ọwọ́ olùkọ́ tí ó di rẹ́jísítà mú ni ó kù tí ó lè pa á mọ́.