Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Pósítà orí àpò fúláwà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra fóònù ní Circle, nílùú Accra, ṣé ẹ mọ̀ pé sinimá Orion wà níbẹ̀ rí? Àmọ́ sinimá mìíràn máa ń rìn kiri ni: láwọn ọdún 1980, àwọn tó ń gbé fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kiri Gánà máa ń bẹ ayàwòrán lọ́wẹ̀: á rán àpò fúláwà pọ̀, á kun pósítà fíìmù sí i. Nígbà mìíràn kò tíì wo fíìmù ọ̀hún. Ó kàn fi ejò àti ẹ̀jẹ̀ dí i ni! Òjò àti eruku ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù làwọn òyìnbó ń wá kiri lónìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wá káàdì tó ní àwòrán Mickey Mantle, agbábéésíbọ̀ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti ọdún 1952: wọ́n lu ẹyọ kan ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là lọ́dún 2022. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ Topps tó tẹ̀ ẹ́ ti da èyí tí kò tà sínú òkun, ló fi ṣọ̀wọ́n.