Ilé Ìwádìí Niamey àti Àrùn Yínrùnyínrùn

Bí a bá dárúkọ ìwádìí ìlera ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a lọ sí òdìkejì Odò Ọya, níbi tí Yunifásítì Abdou Moumouni wà, èyí tí ó ń kọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà. Ọlá ni fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fẹ́ ròyìn lónìí, ilé ìwádìí kan nínú ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní CERMES, ni ó ṣe é. Òkìkí rẹ̀ kò sì kàn tó bí ó ti yẹ láàárín àwa aládùúgbò rẹ̀.

Àrùn yínrùnyínrùn ni ọ̀tá tí ilé yìí dojú kọ. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti gbé eruku aṣálẹ̀ dé títí òjò yóò fi rọ̀ ni ó máa ń jà. Orí a máa fọ́ aláìsàn, ara rẹ̀ a gbóná, ọrùn rẹ̀ a gan. Ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí lè máà sí láyé lọ́tùnla. Nínú àwọn tí ó yè, ẹlòmíràn a di adití. Ní ọdún 1963, Dókítà Lapeyssonnie, ará Faransé, pe ilẹ̀ tí àrùn náà ti ń jà ní ìgbànú. Lónìí a mọ̀ pé ìgbànú náà na láti Senegal dé Ethiopia, apá òkè Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1996 àti 1997, àrùn yìí mú ènìyàn tí ó lé ní 250,000, ó sì pa nǹkan bí 25,000.

Kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo: A wà, C wà, W, X àti Y sì wà. Àjẹsára ọ̀kan kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè mọ A yàtọ̀ sí X. Àwọn dókítà a fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn, CERMES a sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 2006 ni wọ́n rí ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Nínú àwọn aláìsàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò yìí ni ó mú wọn, ẹ̀yà X ni ó wà lára nǹkan bí ìdajì. Kò sì sí àjẹsára X kankan ní gbogbo ayé! Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 2007. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò wá X kò lè rí i.

Ní oṣù Kejìlá 2010, Bùrùkínà Fasò, Málì àti Nìjẹ̀r gba àjẹsára A tuntun, MenAfriVac, tí a ṣe ní Íńdíà ní iye tí kò tó ìdajì dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ̀yà A pòórá. Ní 2017 ni a rí i kẹ́yìn nínú ìgbànú náà.

Ṣùgbọ́n C ti dìde. Apá ìwọ̀-oòrùn òkè Nàìjíríà ni a ti kọ́kọ́ rí irú C tuntun yìí ní 2013. Ó sọdá ààlà, nígbà tí ó sì di 2015, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 8,500 ní Nìjẹ̀r, 573 nínú wọn kú, Niamey ni ó sì fara gbá a jù. Àjẹsára C kò tó, owó rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, kí àwa ará Nàìjíríà má ṣe máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Nìjẹ̀r nìkan ni àrùn ti ń wá bá wa.

Ilẹ̀ Nìjẹ̀r kò káwọ́ lẹ́rán. Ní 2017, ní agbègbè Madarounfa, ìwádìí kan ní abúlé 49 fi hàn pé bí gbogbo ará abúlé bá lo oògùn ciprofloxacin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àrùn náà a dín kù ní ìwọ̀n 60 nínú 100.

Ní oṣù Keje 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí Men5CV, àjẹsára tí ó kápá A, C, W, Y àti X pa pọ̀. Málì àti Gambia ni a ti dán an wò. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí ó lò ó, ní oṣù Kẹta 2024, ọdún 18 lẹ́yìn tí wọ́n ti rí X ní Niamey.